Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ̀rọ Géèmù Wéra Kí A Tó Náwó Lé E

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ń gbé ní Ọ̀fà ní kí n bá òun ra ẹ̀rọ géèmù fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé èyí tí kò ní gbọ́n àpò òun gbẹ ni kí n wá. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé owó ọjọ́ tí a bá rà á ni ẹ ń wí, àbí owó gbogbo ọdún tí yóò fi wà nínú ilé yín?" Ó ní òun kò mọ̀ pé méjèèjì yàtọ̀. Wọ́n yàtọ̀ gan-an ni, débi pé ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ kéré ní ṣọ́ọ̀bù lè wá di èyí tí ó jẹ owó jù lọ nínú ilé. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ fún un ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń múra láti ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrin tàbí ní àwọn ìlú tí ó wà ní gúúsù Kwárà.

Kí a tó dárúkọ ẹ̀rọ kankan, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí yóò máa lò ó irú eré tí wọ́n fẹ́ràn, àti àwọn tí wọ́n fẹ́ máa bá ṣe é. Ní ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa, bọ́ọ̀lù ni ìdáhùn. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù tí a ń pè ní FIFA, FIFA 14 ni ó kẹ́yìn tí wọ́n ṣe fún PS2 (PS ni PlayStation, ẹ̀rọ ti ilé iṣẹ́ Sony), FIFA 19 ni ó sì kẹ́yìn fún PS3 àti Xbox 360 ti ilé iṣẹ́ Microsoft. Ẹni tí ó bá ra ọ̀kan nínú wọn lónìí ti gbà láti máa wo àwọn agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà nìyẹn, àyàfi tí ó bá rí èyí tí àwọn ọmọ ilé géèmù ti tún orúkọ inú rẹ̀ ṣe. Láti 2023 ni eré náà ti ń jẹ́ EA Sports FC, wọ́n sì ṣe é fún PS4 títí kan FC 26. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé FC ti PS4 àti FC ti PS5 kì í pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí PS5 bá wà lọ́wọ́ gbogbo ọ̀rẹ́ ọmọ yín, tí ẹ sì ra PS4 fún un, kò ní lè bá wọn gbá a láti inú ilé yín, àfi tí àwọn ọ̀rẹ́ náà bá gbà láti gbé ti PS4 sórí ẹ̀rọ tiwọn, èyí tí ọmọdé kì í sábà gbà.

Ìbéèrè kejì ni mo ka sí pàtàkì jù lọ: ṣé ẹ̀rọ náà ń gba síìdì? Xbox Series S tí ó jáde ní 2020 kò gba síìdì rárá. PS5 Digital kò gbà á, PS5 Pro tí ó jáde ní 2024 náà kò sì ní ibi tí à ń ti síìdì bọ̀ nígbà tí a bá tú u jáde nínú páálí. PS5 kékeré tí wọ́n mú jáde ní òpin 2023 ní irú méjì: ọ̀kan ní ibi síìdì, èkejì kò ní, ṣùgbọ́n a lè ra ibi síìdì náà lọ́tọ̀ kí a sì so ó mọ́ ọn lẹ́yìn náà. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wúwo ni pé síìdì jẹ́ ohun tí a lè rà ní àlòkù, tí a lè yá lọ́wọ́ aládùúgbò, tí a lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú owó díẹ̀ lórí, tí a sì lè tà nígbà tí ó bá sú wa. Géèmù tí a rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ìkankan nínú àǹfààní wọ̀nyí; orí àkáǹtì ẹni tí ó rà á ni ó ń gbé títí láé, ó sì tún ń jẹ dátà kí ó tó wọlé, nítorí àwọn géèmù ńlá kan máa ń ju 100 GB lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ hàn. Àwọn iye tí mo fẹ́ lò yìí kì í ṣe iye ọjà. Mo kàn fi wọ́n lélẹ̀ kí ẹ lè rí bí ìṣirò náà ṣe ń lọ ni, ẹ ó sì fi iye tí ẹ bá bá ní Challenge tàbí ní Táíwò ní Ìlọrin rọ́pò wọn. Ká ní a fẹ́ lo ẹ̀rọ fún ọdún 4, wákàtì 2 lójúmọ́, kí a sì ra géèmù 8 láàárín ìgbà náà. A ra PS4 Slim tòkunbọ̀ ní ₦250,000, páàdì kejì (ohun tí a ń fi ọwọ́ darí eré) ní ₦25,000, síìdì àlòkù mẹ́jọ ní ₦12,000 níkọ̀ọ̀kan, a sì ya ₦40,000 sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. A ra PS5 tí ó ń gba síìdì ní ₦900,000, páàdì kejì ní ₦80,000, síìdì mẹ́jọ ní ₦45,000 níkọ̀ọ̀kan, owó àtúnṣe sì jẹ́ ₦40,000 kan náà. A ra Series S ní ₦500,000, páàdì ní ₦60,000, géèmù mẹ́jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ₦70,000 níkọ̀ọ̀kan, àti ₦40,000 fún àtúnṣe.

Ní ti iná, PS5 máa ń fa bíi wáàtì 200 nígbà tí eré ńlá bá wà lórí rẹ̀, PS4 Slim àti Series S sì máa ń fa nǹkan bíi 80. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n fi owó kún iná àwọn tí ó wà ní Band A (àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtì 20 lójúmọ́), ₦225 ni wọ́n sọ yúníìtì kan dà. Bí a bá lo iye yẹn, iná PS5 fún ọdún mẹ́rin yóò jẹ́ ₦131,400, ti PS4 Slim tàbí Series S yóò sì jẹ́ ₦52,560. Lẹ́yìn èyí ni kí a wá yọ ohun tí a ó rí gbà nígbà tí a bá ń tà wọ́n: ká ní PS4 yóò mú ₦100,000 wá, PS5 ₦500,000, Series S ₦250,000, kí síìdì sì mú ìdajì owó tí a fi rà á padà.

Bí ẹ bá ro ó pọ̀, tí ẹ sì pín in sí ọdún mẹ́rin, PS4 náà jẹ́ ₦78,890 lọ́dún, PS5 jẹ́ ₦207,850, Series S sì jẹ́ ₦240,640. Ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ fi ₦400,000 kéré sí ti PS5 ní ṣọ́ọ̀bù ni ó wá jẹ owó jù ú lọ nínú ilé, kò sì sí ohun tí ó fà á ju àìgba síìdì lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi Series S sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé eré ọ̀fẹ́ bíi eFootball àti Fortnite nìkan ni àwọn ọmọ náà ń ṣe, tí a kò ra géèmù kankan, ìṣirò náà yí padà: Series S yóò di ₦100,640 lọ́dún, PS5 yóò sì di ₦162,850. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ọ̀rọ̀ àwọn tí ń jiyàn pé ẹ̀rọ kan dára ju èkejì lọ fún gbogbo ayé. Ìwà ilé tí ẹ̀rọ náà ń lọ ni ó ń sọ iye tí ó tó.

Àwọn ìnáwó kan wà tí wọ́n máa ń fara pamọ́. Páàdì jẹ́ ọ̀kan. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó máa ń wà nínú páálí PS5, páàdì PS4 tí ẹ bá sì ní tẹ́lẹ̀ kò ṣe é fi ṣe géèmù PS5, àfi géèmù PS4 tí ẹ bá gbé sórí rẹ̀. Xbox sàn ní apá yìí, nítorí páàdì Xbox One ń ṣiṣẹ́ lórí Series S àti Series X láìsí wàhálà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bátìrì kékeré bíi ti tọ́ọ̀ṣì ni ó ń lò. Ibi ìpamọ́ jẹ́ èkejì: nínú 825 GB tí wọ́n kọ sára PS5 àkọ́kọ́, bíi 667 GB ni ó kù fún oníǹkan, nínú 512 GB ti Series S àkọ́kọ́, bíi 364 GB. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi kún PS4 lè fi háàdì díìsìkì láàbútọ́ọ̀pù lásán rọ́pò ti inú rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìlú wa lè bá a fi sí i, ṣùgbọ́n Xbox Series ní káàdì tirẹ̀ lọ́tọ̀, owó rẹ̀ sì máa ń ga.

Owó ìforúkọsílẹ̀ ni ẹ̀kẹta. Kí ènìyàn tó lè fi géèmù tí ó rà bá àwọn ẹlòmíràn ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì lórí PlayStation, ó gbọ́dọ̀ máa san owó PS Plus. Ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó kéré jù nínú rẹ̀ di $79.99 lọ́dún láti 2023. Game Pass Ultimate ti Xbox di $29.99 lóṣù níbẹ̀ ní 2025. Eré ọ̀fẹ́ kò béèrè owó yìí. Ẹ rántí pẹ̀lú pé káàdì owó tí a ń rà (gift card) láti fi san owó náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí a fi ṣí àkáǹtì. Káàdì Amẹ́ríkà kò ní wọlé lórí àkáǹtì tí a fi Lọ́ńdọ̀nù ṣí.

Ọ̀rọ̀ iná kò tán síbi owó mítà. Bí NÉPÀ bá mú iná nígbà tí PS4 tàbí PS5 ń kọ nǹkan sínú ara rẹ̀, ó lè ba ohun tí a ti fi pamọ́ jẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé e pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ máa ń fò sókè sódò, nítorí náà ẹ fi owó sítábíláísà kún ìṣirò yín. Ibí yìí ni Nintendo Switch ti ní iyì tí àwọn ènìyàn wa kì í sábà kà sí: ó ní bátìrì, kò sì tó wáàtì 20 tí ó ń fà nígbà tí a bá so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Switch Lite nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún bí ẹbí bá fẹ́ máa wò ó pọ̀, nítorí kò ṣe é so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Àléébù Switch fún wa ni pé káàdì géèmù kékeré tí ó ń lò dípò síìdì ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, nítorí náà kò sí ẹni tí a ó bá ṣe pàṣípààrọ̀.

Àwọn kan máa ń ní kí a ní sùúrù kí owó wọn wálẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ìmọ̀ràn dáadáa ni. PS2 tí ó jẹ́ $299 ní Amẹ́ríkà ní 2000 di $99 ní 2009. Ti àsìkò yìí kò rí bẹ́ẹ̀: Series S tí ó jẹ́ $299 ní 2020 ti di $399 ní 2025, PS5 náà sì gòkè ní ọdún kan náà. Bí a bá wá fi ìṣubú náírà kún un, ẹni tí ó ń dúró lè máa dúró de ohun tí ń sá fún un.

Ní ti tòkunbọ̀, ẹ má ra ohun tí ẹ kò tíì tàn fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 40 pẹ̀lú eré ńlá lórí rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tí eruku ti dí fáànù rẹ̀ lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí hó bí ọlọ, kí ó sì kú lójijì. Eruku ọyẹ́ Ìlọrin kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ fi síìdì sí i, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un fi sí i. Ẹ fi ọwọ́ kan ibi tí wáyà tẹlifíṣọ̀n ń wọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti ń mì. Ẹ fi páàdì sílẹ̀ lórí tábìlì láìfọwọ́kàn án, kí ẹ wo bóyá nǹkan ń rìn fúnra rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà: bí ó bá kọ 100-240V, ó bá iná wa mu, bí ó bá kọ 110V tàbí 120V nìkan, ẹ ó tún ra ẹ̀rọ tí ń dín iná kù.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì wọ inú àkáǹtì kan níbẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ra PS4 kan rí tí ó ń tàn bí iná ọdún, àfi ìgbà tí mo gbé e délé tí mo rí i pé Sony tí ó ṣe é ti fòfin dè é, kò lè wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì PlayStation mọ́ láéláé. Ẹni tí ó tà á fún mi ní òun kò mọ̀. Bóyá kò mọ̀ lóòótọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ sínú rísíìtì, kí wọ́n sì kọ iye ọjọ́ tí mo lè fi dá a padà.

PS4 Slim tòkunbọ̀ ni a ra fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú páàdì méjì àti síìdì mẹ́ta, a sì gbé e lọ sí Ọ̀fà nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ ní Gáréèjì Ọ̀fà, lórí ẹsẹ̀ mi, kì í ṣe nínú búùtù. Èyí àgbà nínú wọn ti ń bi mí ìgbà tí yóò di PS5. Mo ní kí ó tọ́jú àwọn síìdì rẹ̀ dáadáa, nítorí PS5 tí ó ń gba síìdì yóò ka èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.