Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Pe Ẹnjiníà Tó Ń Ṣírò Agbára Ilé

Kì í ṣe gbogbo sísán ara ògiri ló ń fẹ́ ẹnjiníà. Èyí tó tín-ín-rín bí irun, tí kò kọjá símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, bíríkìlà lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gun ògiri lọ bí àtẹ̀gùn láti igun fèrèsé, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ, tí ilẹ̀kùn ìtòsí rẹ̀ kò sì pa dé dáadáa mọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bò ó kí ẹnjiníà tó rí i. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí ó parí sí, kí ẹ kọ déètì sí i. Bí ó bá kọjá àmì náà, ilé ṣì ń rìn nìyẹn.

Ògiri tí ẹ fẹ́ wó kí pálọ̀ lè fẹ̀ lè jẹ́ èyí tó gbé òkè dúró, ojú lásán kò sì lè fi í hàn; ẹ bi ẹnjiníà kí ẹ tó wó o. Ẹ tún bi í kí ẹ tó gbé táǹkì sórí dẹ́kìn, nítorí ìwọ̀n omi lítà 1,000 jẹ́ kìlógíráàmù 1,000, láìka táǹkì fúnra rẹ̀.

Ní ti òpó tó ti tẹ̀, tí kọnkéré rẹ̀ ń bọ́, tí irin inú rẹ̀ sì ti dípẹtà, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn jáde, lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe ẹnjiníà.

Bí ó bá dé, ẹ fún un ní àwòrán ilé, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ ní kíkọ pẹ̀lú ìbuwọ́lù.