Tí ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀tù bá ń dà á ségesège, ẹ má tíì yí síkúrù ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fúnra yín ki ẹ̀tù sínú kéèsì ọta nílé, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, ẹ̀rọ á dà á dáadáa fún bí ogún kéèsì, ìgbà tó bá yá lá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ọ̀kan pọ̀jù, èyí tó tẹ̀ lé e ò tó. Síkúrù tó ń pinnu iye ẹ̀tù tí ẹ̀rọ ń dà ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ ná. Ọjọ́ kan wà tí mo yí tèmi sọ́tùn-ún sósì títí ọwọ́ fi ń ro mí, àṣé síkéèlì tí mo fi ń yẹ ìwọ̀n ẹ̀tù wò ni fáànù ń fẹ́ lu látòkè, ẹ̀rọ ò ṣẹ̀ mí rárá.

Torí náà síkéèlì ló kàn. Ẹ pa fáànù, ẹ gbé e sórí tábìlì tí ò mì, tó bá jẹ́ oníná ẹ tàn án sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ gbé fóònù jìnnà sí i, kẹ́ ẹ wá fi irin ìwọ̀n tó bá a wá dán an wò. Gréènì la fi ń wọn ẹ̀tù, 7,000 gréènì ló wà nínú páùn kan, gréènì kan ò tó 0.065 gíráàmù, èémí ẹnu lásán á mú síkéèlì parọ́ fún yín.

Tí síkéèlì bá dáa, ẹ da ẹ̀tù nígbà mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wọn ìkọ̀ọ̀kan. Tí gbogbo ẹ̀ bá jọ fi iye kan náà lé tàbí dín, síkúrù ni, ẹ yí i díẹ̀ kẹ́ ẹ sì dè é pa. Àmọ́ tí wọ́n bá ń lọ sókè sódò, síkúrù ò lè tún un ṣe láéláé. Ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ wò: ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń gbé hándù sókè lẹ ṣe ń gbé e ní gbogbo ìgbà? Ṣé ẹ̀rọ ò mì lórí tábìlì? Họ́pà ńkọ́, ìyẹn ike orí ẹ̀rọ tá a ń da ẹ̀tù sí, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀tù inú ẹ̀ wálẹ̀ ju ìlàjì lọ, kẹ́ ẹ sì máa da mẹ́wàá àkọ́kọ́ padà sínú ẹ̀ kó lè jókòó dáadáa.

Tí ẹ̀tù bá ń lẹ̀ mọ́ ara ike, sítátíìkì ni, ìyẹn iná kékeré tó máa ń mú nǹkan lẹ̀ mọ́ra, ó máa ń pọ̀ tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ họ́pà, ẹ má nù ún o, ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ gbẹ. Ẹ̀rọ tuntun sì máa ń ní òróró lára látilé iṣẹ́, ẹ nù ún kúrò tinútòde.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹ̀tù onígi-gígùn, èyí tí ẹyọ ẹ̀ gùn bí igi tín-ín-rín. Ó máa ń há sínú túùbù tí ẹ̀tù ń gbà bọ́ sínú kéèsì, pàápàá tí ẹnu kéèsì bá kéré, kéèsì kan á gba díẹ̀, èyí tó kù nínú túùbù á wá já bọ́ sínú kéèsì kejì lórí tiẹ̀. Èyí tí ò tó lè jẹ́ kí orí ọta há sínú ọ̀pá ìbọn, téèyàn bá wá yin òmíì tẹ̀ lé e, ìbọn lè bẹ́ sí i lójú. Èyí tó pọ̀jù náà lè bẹ́ ẹ. Torí náà tí hándù bá ṣàdédé le, tẹ́ ẹ gbọ́ tó ń rún nǹkan, ẹ má fipá fà á. Ẹ dúró, ẹ da ẹ̀tù inú kéèsì yẹn àti ti èyí tó ṣáájú ẹ̀ padà, ẹ gbá túùbù, kẹ́ ẹ wá tún un dà. Ẹ to gbogbo kéèsì sórí pátákó oníhò, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó fi orí ọta kankan sí i. Èmi ò kì í fo èyí, bó ti wù kó rẹ̀ mí tó.

Tó bá ṣì ń ṣe ségesège, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ da iye tó dín díẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ rọra fi ìyókù kún un lórí síkéèlì.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ̀tù ò gbọdọ̀ sùn nínú họ́pà, ẹ dá a padà sínú agolo ẹ̀ gangan. Èyí tẹ́ ò bá sì mọ orúkọ ẹ̀ mọ́, ẹ má fojú díwọ̀n, ẹ má lò ó rárá.