Bí Mo Ṣe Gba Kọ́ọ̀dù Báǹkì Bàbá Ọkọ Mi Padà

Owó tí a ná kí bàbá ọkọ mi tó lè wọ ojú òpó owó orí orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí wọn sí, ó ju owó ilé oṣù kan lọ ní Fuengirola tí wọ́n ń gbé ní Spéìn. Bàbá kò jẹ gbèsè, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ̀sùn kàn wọ́n. Fóònù wọn tí kọ́ọ̀dù báǹkì wà nínú rẹ̀ ló kú. Nítorí fóònù kan ṣoṣo, ọmọ bíbí Finland, tó fi gbogbo agbára ọ̀dọ́ rẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi ní Turku, di ẹni tí kò lè fi hàn pé òun ni òun. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo bá a débi tó yọrí, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà ní Helsinki, Espoo àti Tampere, tẹ́ ẹ ti ń gbèrò àtikó lọ síbi tí oòrùn wà, mọ ohun tó wà níwájú.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ lórí omi ní Norway, oṣù a máa gorí oṣù kó tó wálé, nítorí náà ọrùn èmi ìyàwó ni ọ̀rọ̀ Bàbá wà. Àwọn ará Finland máa ń pe àna wọn lórúkọ. Bàbá náà ti sọ fún mi títí pé kí n máa pe àwọn lórúkọ, mo ní kò lè ti ẹnu ọmọ Ìjẹ̀bú jáde. Èdè Finland ni a jọ ń sọ, torí mo gbé Espoo pẹ́ kí a tó kó wá sí Málaga, ibẹ̀ ni mo sì ti gba kọ́ọ̀dù báǹkì tèmi. Ẹ ò rí nǹkan: èmi tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní kọ́kọ́rọ́ Finland lọ́wọ́, bàbá tí wọ́n bí ní Oulu kò ní.

Ẹni tó bá ti gbé Finland rí mọ̀ pé kọ́ọ̀dù báǹkì kọjá ọ̀rọ̀ owó. Òun ni wọ́n fi ń wọ OmaVero, ojú òpó owó orí. Òun ni wọ́n fi ń wọ Kela tó ń rí sí owó ìrànwọ́, òun ni wọ́n fi ń wo àkọsílẹ̀ dókítà àti oògùn, òun náà ni wọ́n fi ń ka lẹ́tà ìjọba lórí Suomi.fi. Ọ̀nà méjì míì wà. Ọ̀kan wà lórí síìmù, mobiilivarmenne ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n síìmù ilé iṣẹ́ fóònù Finland ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Èkejì wà nínú káàdì ìdánimọ̀ tí àwọn ọlọ́pàá ń ṣe, ìyẹn sì ń fẹ́ ẹ̀rọ tó ń ka káàdì. Bàbá ti jáwọ́ nínú síìmù Finland láti ìgbà tí wọn kò ti lò ó mọ́, wọn kò sì gba káàdì náà rí. Báǹkì nìkan ló kù, báǹkì sì ti kó gbogbo rẹ̀ sínú áàpù kan lórí fóònù.

Ní Fuengirola, pàápàá ní àdúgbò Los Pacos, ará Finland lè jí kó sì sùn láìsọ èdè Spéìn rárá. Ilé ẹ̀kọ́ Finland wà níbẹ̀, ìsìn Lútérù wà lédè wọn, búrẹ́dì dúdú tí Bàbá kì í lè ṣe láìjẹ láàárọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Níbi tí àwọn àgbààgbà náà ti ń mu kọfí, ọ̀rọ̀ owó orí ni wọ́n máa ń bá délé. Àdéhùn tí Finland àti Spéìn fọwọ́ sí ní 1967 fi owó orí lórí owó ìfẹ̀yìntì ẹni tó ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀ fún Spéìn nìkan. Àdéhùn tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2015 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019, ó sì fún Finland láṣẹ láti gé tirẹ̀. Àwọn tó ti wà ní Spéìn tẹ́lẹ̀ rí ààyè ọdún mẹ́ta gbà, ààyè náà sì ti tán. Ní ti ilẹ̀ Potogí, Finland fagi lé àdéhùn tiwọn pátápátá, òun náà láti 2019. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan torí ìyẹn kó kúrò ní Algarve tó wà níbẹ̀ padà sílé. Bàbá ní àwọn ò lọ síbì kankan, orúnkún àwọn kò gba yìnyín mọ́.

Kí Finland gé owó orí, mi ò bá wọn jà. Ìdá tó wà lórí káàdì owó orí Bàbá, ìyẹn ìwé tó ń sọ iye tí wọ́n máa gé, ló ga ju bó ṣe yẹ lọ, owó ìfẹ̀yìntì sì ń wọlé lóṣooṣù ní ìdínkù. A lè fi fọ́ọ̀mù orí ìwé ránṣẹ́, a sì fi ránṣẹ́, àmọ́ OmaVero ló yá jù. Àárọ̀ tí mo lọ sílé Bàbá ká lè jọ ṣe é, fóònù kọ̀ láti tàn. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, àfi ìlà aláwọ̀ ewé kan tó dúró gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Alátùn-únṣe fóònù tó wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin tú u, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sóhun tí òun lè rí fà jáde nínú ẹ̀ mọ́. A ra òmíràn. Mo rò pé wákàtí kan ni gbogbo rẹ̀ máa gbà.

Áàpù báǹkì ní kí Bàbá fi fóònù tó ti kú fọwọ́ sí tuntun. Bí ìyẹn kò bá sí, kí wọ́n tẹ nọ́ńbà tí a máa fi ránṣẹ́ sórí síìmù wọn. Síìmù wo? Ti Finland tí wọn ò lò mọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ ní báǹkì. Láti pààrọ̀ nọ́ńbà yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú kọ́ọ̀dù.

A wá pe báǹkì. Finland fi wákàtí kan ṣáájú wa, nítorí náà aago méje àárọ̀ tiwa ni a ti jókòó ti fóònù, kí èrò tó pọ̀ lórí ìlà. Bàbá mú ìwé àkọsílẹ̀ onílà wọn, wọ́n kọ déètì sókè, wọ́n kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà gànnàkù-gannaku tí wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà sára irin nígbà kan kọ orúkọ ẹni tó bá gbé e. Ohùn ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dáhùn: kí a fi kọ́ọ̀dù báǹkì fi ara wa hàn. Kò sí kọ́ọ̀dù. A dúró, orin ń lọ, títí ọmọbìnrin kan fi gbé e. Bàbá sọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn, wọ́n sọ ọjọ́ ìbí, wọ́n sọ iye owó ìfẹ̀yìntì tó wọlé kẹ́yìn dé sẹ́ǹtì. Ọmọbìnrin náà ní òun ò lè bá ẹni tí kò tíì fi kọ́ọ̀dù hàn sọ̀rọ̀ nípa àkáǹtì. Mo ní nítorí kọ́ọ̀dù náà la ṣe pè. Ó ní ó yé òun, kí a wọ inú áàpù ká fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn látibẹ̀.

Ẹ gbà mí, mo fẹ́ pariwo. Bàbá na ọwọ́ sí mi wẹ́rẹ́, wọ́n gba fóònù, wọ́n béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí ni ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà tó báyìí ń ṣe. Ìdáhùn ni pé kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wá sí ẹ̀ka báǹkì ní Finland, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó wà ní Turku lọ síbẹ̀ fún wa, bóyá wọ́n lè gbọ́ tiẹ̀. Wọ́n dá a padà: ọmọ kì í ṣe bàbá. A pè lẹ́ẹ̀kan sí i, a tún pè. Ẹni tó gbé e ń yí padà, ọ̀rọ̀ ò yí padà. Ọ̀kan tiẹ̀ ní kí n lọ sí àtẹ ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo lọ, ó ní kí n fi kọ́ọ̀dù wọlé kí n tó kọ ìbéèrè.

Ìwé ìrìnnà Bàbá sì ti kú. Wọn kì í rìnrìn àjò mọ́, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Ìwé kan ṣoṣo tí ìjọba Spéìn fún wọn ni bébà aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fún àwọn ará ilẹ̀ Yúróòpù, orúkọ àti nọ́ńbà wà lára rẹ̀, fọ́tò kò sí. Kò lè gbé èèyàn wọ bàálù. Láti gba kọ́ọ̀dù, kí a lọ sí Finland. Láti lọ sí Finland, kí a kọ́kọ́ lọ sí Madrid, torí ìtẹ̀ka wà nínú ìwé ìrìnnà, Bàbá fúnra wọn ló sì gbọ́dọ̀ lọ tẹ̀ ẹ́ ní ilé aṣojú Finland.

Ti Madrid kò gba ìtàn. A gba àkókò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a wọ ọkọ̀ ojú irin láti Málaga, wọ́n tẹ̀ka, a padà. Nígbà tí ìwé náà dé, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, Málaga sí Helsinki, ó lé ní wákàtí mẹ́rin nínú afẹ́fẹ́, mo fi ọmọ mi sọ́dọ̀ aládùúgbò. Owó wa ti ń lọ báyẹn.

Nígbà tí a dé Turku, ẹ̀ka báǹkì tí Bàbá ti ń lò láti ìgbà èwe wọn kì í bójú tó ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀dù mọ́. Ẹ̀ka mìíràn ló ń ṣe é, ó sì di dandan kéèyàn gba àkókò. Báwo ni wọ́n ṣe ń gba àkókò? Nínú áàpù. Mo sọ fún obìnrin tó wà ní tábìlì àbáwọlé pé àwa ò ní kúrò níbẹ̀. Mi ò bú u, mi ò gbóhùn sókè, mo kàn fa àga kan fún Bàbá, èmi náà jókòó tì wọ́n. Kí ó tó di ọ̀sán, ó bá wa wá àyè.

Ọmọkùnrin tó wá dá wa lóhùn níwà, kí n má parọ́. Ó fi ẹ̀rọ ka ìwé ìrìnnà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tó kàn gbọ̀ngbọ̀n fún gbogbo ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn odi: níbo lẹ ń gbé, kí lẹ ń fi àkáǹtì Finland ṣe, orílẹ̀-èdè wo lẹ ti ń san owó orí, kí ni nọ́ńbà owó orí yín níbẹ̀. Bàbá wò mí. Nọ́ńbà Spéìn náà, tí wọ́n ń pè ní NIE, wà lára bébà aláwọ̀ ewé tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ní Fuengirola. Ṣùgbọ́n mo ti ya fọ́tò ẹ̀ sínú fóònù mi, iwájú àti ẹ̀yìn, kí a tó kúrò nílé. Mo gbé e síwájú ọmọkùnrin náà. Orí mi wú lọ́jọ́ yẹn! Ká ní mi ò yà á ni, à bá tún padà. Nọ́ńbà fóònù Spéìn wọlé síbi tí ti Finland wà, áàpù ṣí, Bàbá tẹ kọ́ọ̀dù onínọ́ńbà mẹ́rin tiwọn, wọ́n sì mí kanlẹ̀.

Mi ò jẹ́ kí a kúrò ní Finland láì ṣe ìyókù. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nílé ẹ̀gbọ́n, a tún káàdì owó orí ṣe, kò gbà ju àkókò tí kọfí fi hó lọ. Bàbá tún wọ Suomi.fi, wọ́n fún èmi àti ọkọ mi láṣẹ láti máa bá wọn ṣe ọ̀rọ̀ owó orí àti Kela, oníkálukú pẹ̀lú kọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn: nígbà tí kọ́ọ̀dù àgbàlagbà yín bá ṣì ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gba àṣẹ yẹn lórí ojú òpó, torí inú kọ́ọ̀dù náà ni wọ́n ti ń fúnni. A lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá fún káàdì ìdánimọ̀, káàdì tó ní ṣíìpù, ká lè ní ilẹ̀kùn kejì. A tún fi áàpù sórí tábúlẹ́ẹ̀tì, kí fóònù míì má bàa tún fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ má sì jáwọ́ nínú síìmù Finland yín, bó ti wù kó kéré tó. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ lóṣooṣù, ọjọ́ kan ló máa gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ààbò ni báǹkì fi ń gbèjà ara rẹ̀, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ sì pọ̀ tó ń fi fóònù lu àgbàlagbà ní jìbìtì. Síbẹ̀ mi ò gbà. Nǹkan bí 300,000 ọmọ Finland ló ń gbé lẹ́yìn odi. Wọ́n ní ẹgbẹ́, Suomi-Seura, láti 1927; wọ́n ní ilé ìgbìmọ̀ tiwọn láti 1997. Láti 2019 wọ́n ti lè fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ láti òkè òkun níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Bàbá dìbò bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n yan Ààrẹ ní 2024, àwọn aládùúgbò méjì fọwọ́ sí i lórí tábìlì ilé ìdáná. Ẹni tí ìjọba gbẹ́kẹ̀ lé láti yan Ààrẹ látorí tábìlì ilé ìdáná, kí ló dé tí ọ̀nà rẹ̀ sí ìwé ìlera ara rẹ̀ fi wà lọ́wọ́ báǹkì aládàáni tó lè ti ilẹ̀kùn nígbà tó bá wù ú? Iṣẹ́ ìjọba ni kó fún ọmọ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, ọ̀fẹ́, ní ilé aṣojú tó ti ń tẹ̀ka.

Owó tí wọ́n gé jù, ẹ̀ka owó orí máa dá a padà lẹ́yìn ìṣirò ọdún. Ti bàálù àti ti ọkọ̀ ojú irin kò sẹ́ni tó máa dá a padà. Báǹkì fèsì lẹ́tà ẹ̀sùn mi, wọ́n dúpẹ́ pé mo jẹ́ kí àwọn gbọ́. Bàbá sì ti ròyìn fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń mu kọfí ní Los Pacos, wọ́n ti ń bọ̀ wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n gbé fóònù tì ná, kí wọ́n lọ mú ìwé ìrìnnà wá kí n wo ọjọ́ tó máa kú.