Ẹ Má Pe Iṣẹ́ Ilẹ̀ ní Àjogúnbá: Ìtọ́sọ́nà fún Yíyan Irúgbìn àti Ẹran Ìbísí

Irúgbìn tí ọ̀pọ̀ nínú yín fọwọ́ ara yín yàn lọ́dún tó kọjá já yín kulẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi kọ ìwé yìí. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo tàbí bí wọ́n ṣe ń sin ewúrẹ́. Ẹ ti mọ ìyẹn. Àṣìṣe kan ṣoṣo la fẹ́ bá yín sọ, nítorí oko tí a bá dé la ti ń rí i: èyí tó bá tóbi jù lẹ ń mú, ẹ kì í wo ibi tó dúró sí.

Mo bá àgbẹ̀ kan dé oko rẹ̀. Ó na ọmọ àgbàdo tó fẹ́ fi ṣe irúgbìn sí mi, ó gùn, hóró rẹ̀ tò pinpin. Mo ní kó mú mi lọ síbi tó ti ya á. Ẹ̀bá ọgbà ẹran ni, níbi tí òjò ti ń wọ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́ wá sórí ilẹ̀, tí àgbàdo ọ̀tún àti tòsì rẹ̀ sì ti kú. Òun nìkan ló ń jẹ oúnjẹ ẹni mẹ́ta. Ibẹ̀ ló ti kó gbogbo irúgbìn rẹ̀. Nígbà tó gbìn ín káàkiri oko, àgbàdo lásán ló hù. Ilẹ̀ ẹ̀bá ọgbà ẹran kì í bá irúgbìn lọ.

Ẹ wo irú ehoro kan tí wọ́n ń pè ní Himalayan. Ara rẹ̀ funfun, etí, imú, ẹsẹ̀ àti ìrù rẹ̀ dúdú. Gbogbo ara rẹ̀ ló jogún dúdú náà, ṣùgbọ́n ibi tó bá tutù nìkan ló ti ń jáde. Bí a bá fá irun ẹ̀yìn rẹ̀, tí a so yìnyín mọ́ ibẹ̀ títí irun tuntun fi yọ, dúdú ni yóò yọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní tìtorí ìyẹn ní ẹ̀yìn dúdú. Wilhelm Johannsen, onímọ̀ nípa ewéko ará Dẹ́ńmáàkì, fi ẹ̀wà dán irú rẹ̀ wò, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1903: láàárín ẹ̀wà tó ti orí igi kan ṣoṣo wá, ó yan hóró ńlá lọ́tọ̀, ó yan kékeré lọ́tọ̀, ó gbìn wọ́n, ọmọ àwọn méjèèjì kò sì ju ara wọn lọ.

Fún àgbàdo, ẹ fi ìlà méjì tó wà létí oko sílẹ̀ yíká. Ẹ pín èyí tó kù sí ọ̀nà 20, mítà 5 sí mítà 5. Bó bá yọ irùkẹ̀rẹ̀, ẹ so òwú mọ́ 15 ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ẹgbẹ́ wọn yí wọn ká láìsí àlàfo. Nígbà ìkórè, ẹ mú 10 tó dára jù nínú 15 náà. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ ọmọ àgbàdo 200. Ẹ má dín in kù, torí bó bá kéré, ìbátan á máa gun ìbátan, agbára irúgbìn á sì máa relẹ̀. Ọ̀nà tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá náà gbọ́dọ̀ mú 10 wá. Ibí yìí lẹ ti máa ń bá wa jiyàn, ẹ ní ọmọ ibẹ̀ kéré. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ju àwọn tí wọ́n jọ jẹ ìyà ilẹ̀ kan náà lọ, ohun tí ẹ sì ń wá nìyẹn. Bó bá jẹ́ háíbíríìdì, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n fi ìran méjì pọ̀ ṣe, lẹ gbìn, ẹ má yan nǹkan kan níbẹ̀ rárá, ọmọ rẹ̀ kò ní jọ ọ́.

Ti ewúrẹ́ dùn wá jù. Ọmọ tó tóbi jù lẹ ń fi sílẹ̀ kó di òbúkọ. Ṣé ọ̀kan ni ìyá rẹ̀ bí àbí ìbejì? Àdábí, ìyẹn ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí ní òun nìkan, máa ń tóbi nítorí òun nìkan ló ni ọmú méjèèjì. Ẹ fi òun sílẹ̀, ẹ ta ìbejì, ẹ tún wá ní ewúrẹ́ yín ò bí ìbejì mọ́. Nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹran lórí iye ọmọ tí wọ́n ń bí, nǹkan bí 10 nínú 100 péré ni àjogúnbá ń fà, oúnjẹ, ìtọ́jú àti àwọn nǹkan mìíràn ló ni ìyókù. Díẹ̀ náà lẹ tún ń dà nù yẹn.

Ẹ wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 90, kó má fi ju ọjọ́ 7 lọ ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Ẹ fi ìbejì wé ìbejì, àdábí wé àdábí, ọmọ ìgbà òjò wé ọmọ ìgbà òjò. Ìbejì tó wọn kíló 8 láàárín àwọn ìbejì oníkíló 6 sàn ju àdábí oníkíló 9 tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbogbo wọn kíló 9.

Kí ẹ tó sọ pé ìran kan ò dára náà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ fún un. Adìyẹ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó wákàtí 14 lóòjọ́ lè dín ẹyin kù, ìran yòówù kó jẹ́. Oúnjẹ kan náà, omi kan náà, ilé kan náà ni kí ẹ fún àwọn méjèèjì tí ẹ bá ń fi wéra.

Ìwé ìwọ̀n, ẹ so ó mọ́ ilẹ̀kùn ilé ẹran pẹ̀lú pẹ́ńsù. Ọjọ́ ìbí, àdábí tàbí ìbejì, ìbí ìyá rẹ̀ kẹlòó, kíló rẹ̀ ní ọjọ́ 90. Orí ìdúró ni kí ẹ ti kọ ọ́, kí ẹ tó tú ẹran náà sílẹ̀.