Bí wọ́n ṣe ń kọ́ T cell láti pa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀

Gbogbo wa la ní killer T cell lára, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kan tó ń gbèjà ara, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa yẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù wò, èyí tí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọ̀ tàbí tó ti ń di jẹjẹrẹ, á lẹ̀ mọ́ ọn, á dá ihò sí i lára, á da èròjà tó máa pa á síbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ mọ̀ ọ́n sá pamọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe CAR-T, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń kọ́ T cell aláìsàn fúnra ẹ̀ láti dá jẹjẹrẹ mọ̀, ọdún 2017 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àkọ́kọ́ ẹ̀, fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí leukaemia (jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀) wọn ò gbóògùn mọ́.

Wọ́n á kọ́kọ́ so aláìsàn mọ́ ẹ̀rọ fún wákàtí mélòó kan, ẹ̀rọ yẹn á yọ T cell kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, á dá ìyókù padà sára.

Ó di láàbù. Wọ́n á lo fáírọ́ọ̀sì tí kò lè fa àìsàn mọ́ láti gbé jíìnì tuntun wọnú T cell, jíìnì yìí ló máa jẹ́ kó dá CD19, èròjà kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, mọ̀. Ibí yìí ló wú mi lórí jù, torí ohun ìjà tó ti ní tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì máa lò, ojú tó máa fi rí ọ̀tá ni wọ́n fún un. Wọ́n á wá jẹ́ kó pọ̀ di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù.

Lẹ́yìn náà, aláìsàn á gba kimó (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ) fún ọjọ́ mélòó kan káyè lè gba àwọn T cell tuntun, kí wọ́n tó fà wọ́n sí i lára bíi dríìpù, kì í pẹ́ rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú aláìsàn, ibi tó kàn yìí lẹ gbọ́dọ̀ fọkàn sí o. Tí T cell bá bẹ̀rẹ̀ ìjà, ibà lè dé, BP lè já wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ lè dàrú, kódà nọ́ọ̀sì máa ń ní kó kọ gbólóhùn kan sórí ìwé lójoojúmọ́, tí ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ bá yí padà, wọ́n á mọ̀ pé ó ti kan ọpọlọ. Oògùn wà fún ibà àti BP tó já wálẹ̀ yẹn, tocilizumab ni wọ́n sábà máa ń lò, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tí ibà bá bẹ̀rẹ̀ nílé, ẹ má fún un ní paracetamol kẹ́ ẹ wá máa wò ó títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ pe ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bó jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru.

CD19 tún wà lára àwọn B cell (sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ míì) tí kò ṣàìsàn, T cell ò sì ní dá wọn sí, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń pèsè antibody, èròjà tó ń bá kòkòrò àrùn jà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn míì ṣì máa ń gba antibody nípa dríìpù fún ọ̀pọ̀ oṣù.