Oríkèé Ni Òpó Áńténà Ti Ń Tẹ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Òpó Àfàyọ

Òpó tí ènìyàn méjì lè gbé gun orí dẹ́kìnì ní Sùúrùlérè tàbí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, tí wọ́n á fà yọ bí áńténà rédíò kékeré, tí wọ́n á sì kì padà sínú ara rẹ̀ kí òjò tó dé, ni ọ̀pọ̀ oníham, àwọn tó ń fi rédíò tiwọn bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ń wá l'Ékòó láti fi gbé áńténà wọn sókè. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: páìpù álúmíníọ̀mù márùn-ún, kílíìpù mẹ́rin tí ń fún ẹnu páìpù mọ́ra, okùn, àti irin pẹlẹbẹ fún ìdí rẹ̀. Àmọ́ tí irú òpó bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀, ẹ wo ojú ibi tó ti tẹ̀ dáadáa. Kì í sábà jẹ́ àárín páìpù. Ẹnu ibi tí páìpù kan ti wọ inú èkejì ni. Ìdí nìyẹn tí a ó fi pẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀ oríkèé.

Ṣùgbọ́n páìpù fúnra rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ yanjú, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ òpó fífúyẹ́ máa ń mú páìpù tó tín-ín-rín. Páìpù álúmíníọ̀mù tó fẹ̀ ní 38 mm, tí ara rẹ̀ nípọn ní 2 mm, wọn nǹkan bí 0.61 kg ní mítà kan. Èyí tó fẹ̀ ní 50 mm, tí ara rẹ̀ nípọn ní 1.5 mm, wọn 0.62 kg. Lórí òṣùwọ̀n, ìkan náà ni wọ́n. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ tẹ̀ wọ́n, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ le ní ìlọ́po méjì, nítorí bí ara páìpù bá ṣe jìnnà sí àárín rẹ̀ tó ni kò ṣe ní gbà láti tẹ̀. Òótọ́ ni pé èyí tó fẹ̀ máa ń gba afẹ́fẹ́ sí i, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ ju àdánù rẹ̀ lọ. Ẹ má kàn lọ sí ìsàlẹ̀ 1.5 mm, torí kílíìpù á tẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀ bí agolo mílíìkì. Tí ẹ bá sì lọ ra ti irin ní Owódé Onírin, 38 mm onípọn 2 mm yẹn á wọn 1.78 kg ní mítà kan. Mítà 10 á di nǹkan bí 18 kg kí áńténà tó dé orí rẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń ta álúmíníọ̀mù fèrèsé, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ti fi iná mú le, 6061-T6 tàbí 6063-T6. Tí ẹ bá fi orúnkún tẹ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ní mítà kan, tó sì dúró ní títẹ̀ láì ta padà, páìpù kọ́tìnì ni, kì í ṣe ti òpó.

Àlàfo inú oríkèé

Ẹ jẹ́ ká mú òpó páìpù márùn-ún: 50, 45, 40, 35 àti 30 mm, tí gbogbo wọn nípọn ní 1.5 mm, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gùn ní mítà 2. Inú páìpù 50 jẹ́ 47 mm. Èyí tó máa wọ inú rẹ̀ jẹ́ 45. Àlàfo 2 mm ló ṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ní oríkèé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lójú, 2 mm kò jẹ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wọnú ara wọn ní cm 25, àlàfo yẹn á jẹ́ kí páìpù òkè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 8 mm fún gbogbo mítà kan tó wà lókè oríkèé náà. Mítà 7 ló wà lókè oríkèé ìsàlẹ̀, 5.25 lókè èyí tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 3.5 àti 1.75. Ẹ ro ó pọ̀: orí òpó ti fì ní cm 14 kí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ rárá. Tí afẹ́fẹ́ bá wá ń fẹ́, páìpù inú á máa gbá ẹnu páìpù òde tọ̀sán-tòru títí ẹnu yẹn á fi là.

Àwọn kan máa ń wé tépù iná mọ́ ọn. Oòrùn á yọ́ gọ́ọ̀mù ara tépù náà láàárín ọjọ́ díẹ̀, òpó á sì há mọ́ra, kò ní wọlé, kò ní jáde. Àwọn mìíràn á fún kílíìpù títí ẹnu páìpù á fi rún. Kílíìpù ò lè yanjú rẹ̀ ní òun nìkan, torí ẹnu òkè nìkan ló ń dì mú. Ìdí páìpù inú, tó wà ní cm 25 sísàlẹ̀, ṣì ń jó nínú àlàfo. Ibi méjì ló yẹ kí ẹ dí: ẹnu páìpù òde, àti ìdí páìpù inú.

Ike ara kẹ́ẹ̀gì òróró onílítà 25 dára fún iṣẹ́ yìí, torí ó máa ń yọ̀ lára álúmíníọ̀mù. Ara kẹ́ẹ̀gì kì í nípọn bákan náà níbi gbogbo, nítorí náà ẹ fi kálípà wá ibi tó jẹ́ 0.8 sí 0.9 mm. Fún páìpù 45, ẹ gé e ní gígùn cm 13.8, kí ó yí páìpù po kí àyè 3 mm sì kù, kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ cm 5. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Irú ike yìí kì í gba gọ́ọ̀mù kankan, títí kan èyí tí wọ́n ń pò pọ̀ oníméjì. Ó máa ń dà bíi pé ó ti mú, àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fa òpó ló máa ṣí. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ fi sísọ́ọ̀sì la etí ike náà wọlé ní cm 1, ní ibi mẹ́fà, kí ó dà bí ahọ́n mẹ́fà. Ní ìdí páìpù inú, ẹ ká ahọ́n wọ̀nyẹn sínú páìpù, kí ẹ wá gbá èdìdì igi líle tẹ̀lé wọn kí ó fún wọn mọ́ ibẹ̀. Ẹ lu ihò 6 mm sí àárín igi náà kí omi lè gbabẹ̀ lọ. Ní ẹnu páìpù òde, ẹ lo ike kejì, kí ẹ ká ahọ́n tiẹ̀ síta, kí kílíìpù wá dè é mọ́lẹ̀. Kò sí síkúrù, kò sí gọ́ọ̀mù, tó bá sì jẹ tán ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ má fi gíríìsì kún un. Iyanrìn àti eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì di yanrìn ìlọ̀ láàárín irin méjì.

Cm 25 tí a ń sọ yẹn kì í ṣe ohun tí a ń dín kù. Ìlọ́po márùn-ún fífẹ̀ páìpù ni, fún èyí tó fẹ̀ jù. Páìpù mítà 2 márùn-ún kò lè fún yín ní mítà 10, mítà 9 ni. Ẹni tó bá ń wá mítà kan yẹn padà máa ń fa páìpù títí yóò fi ku cm 5 nínú ara wọn, òpó náà á sì ya lójú ẹsẹ̀ tí ìjì bá dé. Ẹ fi ọ̀dà pupa yí páìpù kọ̀ọ̀kan po ní cm 25 sí ìdí rẹ̀. Tí pupa bá ti yọ, ẹ dúró.

Ẹ má sì fi ìwọ̀n òpó lé kílíìpù lọ́wọ́. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kí ó má jẹ́ kí òpó jó. Bóòtì stainless 6 mm tó gba inú páìpù méjèèjì kọjá ni kí ó gbé ẹrù. Ibi tí wọ́n sábà máa ń lu ihò rẹ̀ sí ni ẹnu oríkèé gan-an, níbi tí páìpù inú ti ń ru agbára jù lọ, ibẹ̀ náà ló sì máa ń ya. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní cm 10 sí ẹnu kí ẹ tó lu ihò. Nọ́ọ̀tì onírọ́bà ni kí ẹ lò, kí ó kàn kan ara páìpù. Tí ẹ bá fún un jù, páìpù á di ẹyin, kò sì ní wọlé mọ́. Kí kílíìpù lè mú, ẹ fi ayùn irin la ẹnu páìpù òde ní ibi mẹ́rin, cm 4 sísàlẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ lu ihò 3 mm sí ibi tí ojú ayùn máa parí sí. Láìsí ihò yẹn, lílà náà á máa rìn lọ fúnra rẹ̀.

Okùn gáì àti àgbàlá tó há

Afẹ́fẹ́ tó ń sáré ní 72 km ní wákàtí kan á fi agbára tó tó 10 kg ti òpó mítà 9 yìí, kí a tó ka áńténà mọ́ ọn. Tí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Okùn gáì, ìyẹn okùn tó ń di òpó mú láti ẹ̀gbẹ́, ló ń gbà á. Ẹ so ó ní 3.75 mítà àti 7.25 mítà, lẹ́bàá oríkèé, ní ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Apá áńténà onírísí V àdojúdé, ìyẹn wáyà méjì tó ti orí òpó sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe gáì. Wáyà rẹ̀ ń fà sí ọ̀nà méjì péré.

Àgbàlá Èkó kì í sábà gba kí okùn jìnnà sí òpó, ohun tí ẹ̀dá sì máa ń ṣe ni kí ó so ó sí ìtòsí, kí ó wá fún un gidigidi. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: tí okùn òkè bá so mọ́ ibi tó jìnnà sí ìdí òpó ní mítà 5, 10 kg afẹ́fẹ́ á tẹ òpó wálẹ̀ pẹ̀lú 14.5 kg. Tí ó bá jẹ́ mítà 2 péré, á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 36 kg, lórí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ń wá ibi tí yóò tẹ̀ sí. Ẹni tí àyè rẹ̀ kò tó, ní Ìsàlẹ̀ Èkó fún àpẹẹrẹ, kí ó fa páìpù mẹ́ta péré yọ. Òpó mítà 5.5 tó dúró sàn ju mítà 9 tó wó lu ọlọ́mọ lọ.

Okùn aláwọ̀ búlúù tàbí ewéko tó wà ní gbogbo ọjà máa ń di ìyẹ̀fun lójú oòrùn, èyí tí a ń pè ní náílọ̀n sì máa ń nà tí òjò bá pa á. Polyester 4 tàbí 5 mm ni kí ẹ wá. Ẹ má so ó mọ́ ẹsẹ̀ táǹkì omi, mọ́ páànù, tàbí mọ́ ògiri aládùúgbò. Ní ilẹ̀ iyanrìn Lẹ́kí, èèkàn lásán á fà yọ. Ẹ ri bulọ́ọ̀kù tí ẹ fi kọnkéré dí mọ́lẹ̀.

Kí ẹ tó gbé e dìde

Ẹ wo òkè. Wáyà iná àdúgbò tó gba iwájú ilé kọjá lè jẹ́ 11,000 fólítì, kò sì sí rọ́bà lára rẹ̀. Kí ìdí òpó jìnnà sí wáyà iná èyíkéyìí ní ìlọ́po kan àbọ̀ gíga rẹ̀. Fún mítà 9, mítà 13.5 nìyẹn. Tí ẹ kò bá ní i, ẹ dín òpó kù tàbí kí ẹ wá ibòmíràn. Ẹ má sọ pé òpó fáíbà lẹ ń lò: coax, ìyẹn wáyà tó so rédíò mọ́ áńténà, àti wáyà áńténà fúnra rẹ̀ ń gbé iná, òpó tó tutù náà sì ń gbé e. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni èyí, a kò lè tún un ṣe lẹ́yìn tó bá ṣẹlẹ̀.

Páìpù tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ni ẹ máa kọ́kọ́ fà yọ, kí ẹ tì í, kí ẹ wá fa èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ á rí i pé oríkèé òkè ti kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé, á sì gbé àkàbà ti òpó tí kò tíì dúró. Ẹnì kan ló ń fa òpó, ẹnì kan sì ń tú okùn gáì díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo kò tó.

Afẹ́fẹ́ òkun ní Victoria Island àti Lẹ́kí kún fún iyọ̀. Bàbà tó bá kan álúmíníọ̀mù tààrà níbẹ̀ á jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ fi wáṣà stainless sáàárín wáyà áàtì, èyí tó ń gbé iná wọ ilẹ̀, àti ara òpó. Ẹ gé tíúbù táyà bo ẹnu oríkèé kọ̀ọ̀kan, torí ẹnu wọn ń wo òkè, wọ́n á máa gba omi òjò bí ife.

Ìjì tó ń ṣáájú òjò lóṣù kẹta sí ìkarùn-ún sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, kì í sì í fún ènìyàn láyè. Ìdí tí òpó fi jẹ́ àfàyọ nìyẹn. Ẹ sọ òpó náà kalẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti parí ọ̀rọ̀ lórí rédíò, kì í ṣe nígbà tí ojú ọ̀run bá ti dúdú, torí ẹni tó di òpó álúmíníọ̀mù mú lórí dẹ́kìnì nígbà tí mànàmáná ń kọ ni ohun tó ga jù ní àdúgbò. Áàtì ń dín ìbàjẹ́ àrá kù, kò lè dá àrá dúró. Ẹ yọ coax kúrò lára rédíò, kí ẹ sì gbé orí rẹ̀ síta ilé.