Kí Ẹ Tó Díyelé Kóńgò Gàrí
Ìwé ìtọ́sọ́nà fún ẹgbẹ́ alágàrí, àti fún ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò òwò

Bí a ṣe ń bó pákí, bí a ṣe ń rin ín, bí a ṣe ń yan án, kò sí ẹni tó máa fi kọ́ ẹ̀yin ìyá wa. Owó yíyá tó di gbèsè sí ẹgbẹ́ lọ́rùn ló mú kí a kọ ìwé yìí. Àṣìṣe kan náà là ń bá pàdé láti abúlé dé abúlé: alágàrí kì í ka ohun tí kò fowó rà mọ́ owó tó ná. Igi tó ṣẹ́ lóko, ọmọ tó bá a bó pákí, ẹ̀yìn tó tẹ̀ sídìí agbada láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀fẹ́ ló ka gbogbo rẹ̀ sí. Kò sí ọ̀fẹ́ kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú pákí kílò 500. Pákí tó gbó dáadáa, kílò 100 rẹ̀ máa ń di gàrí kílò 20 sí 25. Ká ní a rí kílò 112. Kóńgò tí a fi ṣàpẹẹrẹ yìí ń gba kílò 1.4, ìyẹn jẹ́ kóńgò 80. Ẹ gbé kóńgò tiyín sórí òṣùwọ̀n, torí kóńgò ọjà kan kì í bá ti èkejì dọ́gba. Owó ìsàlẹ̀ yìí náà, àpẹẹrẹ ni. Iye tó ń lọ lọ́dọ̀ yín ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Pákí: ₦60,000
Bíbó: ₦9,000
Rírin: ₦6,000
Jáàkì (irin tí a fi ń fún omi pákí): ₦2,000
Igi ìdáná: ₦10,000
Yíyan: ₦12,000
Àpò àti okùn: ₦1,500
Ọkọ̀ dé ọjà: ₦5,000
Owó ìsọ̀ àti alábàárù: ₦1,500
Àpapọ̀: ₦107,000

Pákí, rírin àti ọkọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń kà: ₦71,000. Ẹ pín in sí 80, ó di bíi ₦888 fún kóńgò kan. Ẹ wá tà á ní ₦1,250, ẹ gba ₦100,000 relé, ẹ ní èrè ₦29,000 ti wọlé. Irọ́ ni. ₦7,000 ti wọmi, kò sì sí olè tó jí i.

Ẹlòmíràn á ní òun fúnra òun lòun yan án, ta lòun fẹ́ sanwó fún? Ara yín ni. Ọjọ́ tí àìsàn bá dá yín dúró, ẹni tó máa bá yín jókòó sídìí agbada yóò gba ₦12,000 rẹ̀. Níbo lẹ ti fẹ́ rí i?

Ẹ̀ẹ̀nì ńkọ́? A ò ní kí ẹ má fi ẹ̀ẹ̀nì sí i. Ta ni yóò ra gàrí lọ́wọ́ aláhun? Ṣùgbọ́n kóńgò 80 inú àpò kì í pé 80 lórí igbá. Ẹ yọ ẹ̀ẹ̀nì, ẹ yọ èyí tí ẹ bù fún ilé, ó kù 75. Iye yìí ni kí ẹ pín ₦107,000 sí: ₦1,427. Bó ti wù kí oníbàárà bẹ̀ tó, ẹ má sọ̀ kọjá ibẹ̀. Bí ẹ bá tà á ní ₦1,550, ₦116,250 á wọlé, èrè yín á jẹ́ ₦9,250.

Bí ọjà bá wá ń lọ ní ₦1,300 ńkọ́? Kóńgò 75 á mú ₦97,500 wá. Ẹ yọ ₦47,000 iṣẹ́ àti ìnáwó yòókù, ó ku ₦50,500. Iye yẹn lẹ gbọ́dọ̀ ra pákí náà mọ, kí ẹ sì ti ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó débi olóko. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wú u kí owó, ẹ̀rọ àti àwọn abópákí tó wà ní sẹpẹ́. Pákí tí wọ́n ti wú, ọjọ́ 2 sí 3 ló ní kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Àwìn kò gbọ́dọ̀ ju ₦9,000 lápapọ̀. Bó bá ti ju èrè ẹ̀ẹ̀kan lọ, owó pákí lẹ ń há fáráyé.

Ká ní ẹ yá ₦100,000, èlé 5% lóṣù lórí gbogbo rẹ̀ fún oṣù 6: èlé ₦30,000. ₦130,000 lẹ ó san, ₦5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 26. Bí ẹ bá ń yan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nínú èrè ₦9,250 yẹn, ₦4,250 ló kù. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, olówó ò ní gbọ́ ti ẹ̀rọ. Kí ẹ tó tẹ̀ka, ẹ bèèrè ohun méjì. Èkíní, èló ló máa dé ọwọ́ yín gan-an lẹ́yìn owó fọ́ọ̀mù àti owó ìfipamọ́? Èkejì, ṣé sísan àkọ́kọ́ lè bọ́ sẹ́yìn ọjà kejì? Pákí tí ẹ rà lónìí ṣì máa lo nǹkan bí ọjọ́ 3 nínú àpò kó tó kan, owó rẹ̀ kì í sì í padà kó tó di ọjọ́ 6 tàbí 7. Owó òwò kò sí fún aṣọ ẹbí. A ti sọ ọ́ títí, a ó tún máa sọ ọ́.

Sí ẹni tó ń kọ́ni: ẹ gbé pátákó àti ṣọ́ọ̀kì jùnù. Ẹ mú ènìyàn 12 sí 15, ọjọ́ kejì ọjà, wákàtí kan péré. Ẹ ka ẹyọ àgbàdo 107 sórí ẹní, ẹyọ kan dúró fún ₦1,000. Kí wọ́n fọwọ́ ara wọn pín in sí òkìtì: 60 fún pákí, 9 fún bíbó, 6 fún rírin, 2 fún jáàkì, 10 fún igi, 12 fún yíyan, 5 fún ọkọ̀. Ti àpò àti ti ìsọ̀, ẹ pa wọ́n pọ̀ sí 3. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá fún wọn ní ẹyọ 100, owó gàrí tí wọ́n tà ní ₦1,250, kí wọ́n fi dí òkìtì wọ̀nyẹn padà. Òkìtì yíyan ni kí wọ́n dí kẹ́yìn. Ẹyọ 5 ló máa kàn án nínú 12. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá pàdé, kí kálukú mú iye tirẹ̀ wá, pẹ̀lú agolo mẹ́ta: ọ̀kan fún owó pákí, ọ̀kan fún owó iṣẹ́, ọ̀kan fún gbèsè. Ti owó iṣẹ́, kí ó ná an bó ṣe wù ú. Ti owó pákí, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ náà dání títí di àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ sọ́dọ̀ olóko.